Ẹ̀yin oníṣẹ́ Ilero, ta ni igbá-kejì nínú ṣọ́ọ̀bù yín?

Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni Vincent Enyeama, aṣọ́lé ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Super Eagles, kéde pé òun kò ní í gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà mọ́. Ọ̀rọ̀ ipò balógun ikọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín òun àti Sunday Oliseh tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà, nítorí pé wọ́n gba ipò ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Ahmed Musa. Bí ẹni tó ti ṣojú orílẹ̀-èdè yìí ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ ṣe gbé báàgì rẹ̀ nìyẹn, tó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, ilé búrẹ́dì tàbí ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀lùbọ́ n'Ilero fara balẹ̀ gbọ́, torí pé ọ̀rọ̀ owó wà nínú ẹ̀.

Ó tó ọdún mẹ́jọ kí Nàìjíríà tó rí aṣọ́lé mìíràn tí ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ sí. Carl Ikeme tó ń ṣọ́lé fún Wolverhampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbójú lé. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2017, àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a fínra. Ọlọ́run bá a ṣe é, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù parí fún un. Ikechukwu Ezenwa bọ́ sí ojúlé. Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé dé ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2018, Francis Uzoho, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ni wọ́n fi síbẹ̀. Lọ́dún 2019, ó kan Daniel Akpeyi. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, Maduka Okoye ló wà nílé nígbà tí Tunisia fi àmì-ayò kan ṣoṣo lé wa kúrò nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn di gbogbo ẹ̀bi lé. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, Uzoho ti padà. Bọ́ọ̀lù tí Thomas Partey ti ilẹ̀ Ghana gbá l'Abuja gba abẹ́ rẹ̀ kọjá sínú àwọ̀n, a gbá ọ̀mì 1-1, bí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti Qatar ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ló ń bú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Èmi ò rò pé ẹ̀bi wọn ni. Ìgbà tí iná ti ń jó lórí òrùlé ni wọ́n ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọlé, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé kó wá pa á. Ibi tí àṣìṣe ti wáyé ni ìgbà tí nǹkan ṣì dùn, tí Enyeama ń mú bọ́ọ̀lù bí ẹni tó fi àtè ra ọwọ́. Austin Ejide wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, ọdún méjì ò tiẹ̀ pé tí Enyeama fi jù ú lọ. A kò mú ọ̀dọ́ kan, ká máa fún un láyè díẹ̀díẹ̀, kó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí ọ̀gá bá lọ, ọwọ́ tirẹ̀ náà á ti mọ iṣẹ́.

Níbo ni a ti wá rí ẹni tó gbà wá? Stanley Nwabali kò sí ní kíláàbù ńlá kankan ní Yúróòpù. Chippa United, kíláàbù kan ní South Africa tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà. Ṣáájú ìgbà náà, abẹ́lé níbí ló wà: ó ṣe Enyimba, ó ṣe Lobi Stars, ó ṣe Katsina United. Ní Côte d'Ivoire, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin nínú méje ni ẹnikẹ́ni kò fi rí àwọ̀n wa mì. Nígbà tí a bá South Africa dé orí pẹnáritì ní 7 oṣù kejì, ó mú méjì. Àwọn onílé ló borí wa ní àṣekágbá lóòótọ́, 2-1, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ẹni tí yóò ṣọ́lé. Ọmọ tí gbogbo ayé ń wá kiri, iwájú ilé wa níbí ló ti kọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Ní Ilero àti káàkiri Òkè-Ògùn, ọ̀pọ̀ òwò ló dúró lórí ẹnì kan ṣoṣo. Nílé búrẹ́dì, ẹnì kan ló mọ bí ìyẹ̀fun ṣe ń pò tí búrẹ́dì fi ń wú. Lọ́dọ̀ télọ̀, ẹnì kan ló ń gé aṣọ, àwọn yòókù kàn ń rán an ni. Nídìí ẹ̀rọ ẹ̀lùbọ́, ẹnì kan ló mọ ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi ń rúéfín láàárọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù ọjà títà, ọmọbìnrin kan ló mọ gbogbo ẹni tó jẹ gbèsè, orí rẹ̀ ló sì kó gbogbo rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á pè é láti Ìbàdàn tàbí Èkó, tàbí kó rí ọ̀kadà gbà, tàbí kí àìsàn dá a gúnlẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá á máa sáré kiri Òkèhò àti Ìsẹ́yìn, á máa bèèrè bóyá wọ́n mọ ẹnì kan. Ẹni téèyàn bá fi ìkánjú rí, kì í ṣe pé ó yàn án. Iye tí onítọ̀hún bá pè ló máa san, oníbàárà kò sì ní í dúró dè é.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní irú bọ́ọ̀lù tiwọn, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹnì kan wà nínú ikọ̀ tí wọ́n ń pè ní quarterback; ọwọ́ rẹ̀ ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀, òun ló ń pín bọ́ọ̀lù. Ikọ̀ Cleveland Browns ti lo èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n sí ipò yìí láti ọdún 1999. Bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á lé e, wọ́n á tún máa wá òmíràn nígbà ìsinmi. Ṣùgbọ́n ní Green Bay, ìlú kékeré tí àwọn olùgbé rẹ̀ lé díẹ̀ ní 100,000, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí Brett Favre, ọ̀gá wọn, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2005, wọ́n mú Aaron Rodgers wá, ó jókòó ti ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta kó tó gbapò lọ́dún 2008. Nínú oṣù kejì ọdún 2011, ó gba ife ńlá fún wọn. Lọ́dún 2020, Rodgers náà kò tíì rẹ̀ tí wọ́n fi mú Jordan Love wá. Òun náà kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó gbapò lọ́dún 2023. Ìlú kékeré ni o, àwọn ìlú ńlá ló sì ń bá díje.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: “Bí mo bá kọ́ ọ tán, ṣé kì í ṣe ọ̀ọ́kán mi ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù sí?” Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i dáadáa: ẹni tí ẹ kò kọ́ náà á lọ, iṣẹ́ á sì dúró. Ẹni tí ẹ kọ́ tó fẹ́ lọ, ẹ lè bá a ṣe àdéhùn ní ojú òbí rẹ̀ kó tó gba fírídọ̀mù, pé á bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún kan tàbí méjì pẹ̀lú owó oṣù, á sì kọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó ṣe tán, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í bẹ̀rù ọmọ tó ń hù nídìí rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ ní ṣíṣe. Èkíní, ẹ wo inú ilé yín kẹ́ ẹ tó wo ìta. Ọmọ iṣẹ́ tó ń tètè dé tó sì ń bi ìbéèrè lè jẹ́ Nwabali tiyín. Èkejì, ẹ fún un ní iṣẹ́ gidi nígbà tí àṣìṣe kò tíì wọ́n: kó gé aṣọ ọmọdé kó tó gé lééṣì ìyàwó, kó po àpò ìyẹ̀fun kan lọ́jọ́ tí ọjà kò yá. Bó bá bà á jẹ́, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe, ẹ má lé e. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ kúrò ní orí ẹnì kan, kó wọ inú ìwé. Iye ìyẹ̀fun, orúkọ agbèsè, nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ìwé ogójì ojú ewé kan tó o.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òwò rẹ̀ dé, kó fún ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má yọ owó ọjọ́ náà nínú owó rẹ̀. Kó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kó máa wo ẹni tí àwọn oníbàárà máa bá.