Àpótí tó ń ra gbogbo ìkórè: ohun tí géèmù oko kì í sọ fún wa

Lónìí, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ díẹ̀, ká sọ̀rọ̀ géèmù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń retí ọ̀rọ̀ ìdìbò, ẹ má tíì bínú. Ọ̀rọ̀ owó ló máa padà dà.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2026 ni géèmù Stardew Valley pé ọdún mẹ́wàá lórí àtẹ. Oko ni wọ́n ń dá nínú rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti tà ju mílíọ̀nù 41 lọ káàkiri ayé. Ní apá kejì, Dragon Quest, àgbà géèmù láti Japan tó ti wà látọdún 1986, tún ti padà dé lákọ̀tun: wọ́n tún apá kẹta rẹ̀ ṣe ní oṣù kọkànlá 2024, apá kìíní àti ìkejì sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá 2025. Oko lọ́wọ́ kan, idà àti idán lọ́wọ́ kejì. Irú géèmù méjèèjì yìí ni mò ń gbá lálẹ́ tí mo bá ti kọ ìròyìn tán.

Èrò mi rèé. Nínú méjèèjì, èyí tó ní idà àti idán ló ń sọ òótọ́ jù nípa owó. Èyí tó ń roko, irọ́ dídùn ló ń pa. Irọ́ náà kò burú nínú géèmù. Ibi tó ti burú ni ìgbà tí ẹnì kan bá gbé e jáde látinú géèmù, tó wá fi ń gba owó lọ́wọ́ wa.

Oko tí kò mọ ìyà

Ká kọ́kọ́ yin ẹni tó ṣiṣẹ́. Ọkùnrin kan ṣoṣo, Eric Barone, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe Stardew Valley. Òun ló kọ kóòdù rẹ̀, òun ló ya àwòrán rẹ̀, òun ló ṣe orin inú rẹ̀, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin ààbọ̀ nídìí ẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn tíátà kan ní Seattle, ó ń júwe ìjókòó fún àwọn òǹwòran. Harvest Moon ló gbá dàgbà, ìyẹn géèmù oko tí Yasuhiro Wada ṣe ní Japan lọ́dún 1996. Àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò tẹ́ Barone lọ́rùn mọ́, ló bá kúkú ṣe tiẹ̀.

Ìtàn inú rẹ̀ máa ń wọ àwa ará ìlú ńlá lára. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lẹ jẹ́, ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Joja. Iṣẹ́ ti sú yín. Ẹ ṣí lẹ́tà tí bàbá àgbà yín fi sílẹ̀, ẹ rí i pé oko ló fi jogún fún yín, lẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ó di abúlé. Ta ló wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland ní aago méje alẹ́ tí irú èrò yẹn kò tíì sọ sí lọ́kàn rí?

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe rí níbẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe dé, olórí ìlú fún yín ní hóró parsnip 15, ohun ọ̀gbìn kan tó jọ kárọ́ọ̀tì funfun. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sí i, hóró kan 20 owó góòlù ni. Ẹ gbìn ín, ẹ bomi rin ín, láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó ti tó wú. Ẹ jù ú sínú àpótí kan tó wà lẹ́bàá ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ti wọlé: 35 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: èrè 15 lórí 20, ìyẹn ìdá 75 nínú 100, láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré.

Àpótí yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí. Bẹ́ ẹ bá kó parsnip kan wá, 35. Bẹ́ ẹ bá kó ẹgbẹ̀rún kan wá lọ́jọ́ kan náà, 35 náà ni lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí alárọ́bọ̀ tó máa ní ọjà ti kún. Kò sí ọkọ̀ tó máa takú lọ́nà. Tẹlifíṣọ̀n inú ilé ń sọ bí ojú ọjọ́ ọ̀la ṣe máa rí, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Kánnákánná lè wá ṣa ọ̀gbìn yín jẹ, àmọ́ ère kan tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀ láti lé ẹyẹ ti tó fún un. Bí aago méjì òru bá bá yín níta, tẹ́ ẹ ṣubú lulẹ̀ nítorí àárẹ̀, ìdá 10 owó yín lẹ máa pàdánù, kò sì lè ju 1,000 lọ, bó ti wù kẹ́ ẹ lówó tó.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí géèmù yìí jáde, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì lórí tòmátì. Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta, tí àwọn èèyàn sọ ní Ebola tòmátì, ló wọ oko, ó sì jẹ ewé àti èso run. Àwa tá a wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn, inú ìkòkò ọbẹ̀ la ti mọ̀ ọ́n. Kò sí ère tó lè lé ìyẹn. Ìdàkejì rẹ̀ náà sì ń pa àgbẹ̀ lára: bí tòmátì bá so dáadáa káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà, iye rẹ̀ á já wálẹ̀; kì í sì í pẹ́ bàjẹ́, àgbẹ̀ tí kò níbi tó máa tọ́jú ẹ̀ sí á tà á bí wọ́n bá ṣe rà á. Kó má so, wàhálà. Kó so jù, wàhálà. Àpótí tó ń ra gbogbo ẹ̀ ní 35 kò sí níbì kankan láyé.

Nígbà tí oko di bọ́tìnì

Ẹ lè ní, "Ìwọ náà, géèmù ṣá ni." Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ n rán yín létí nǹkan kan.

Láti nǹkan bí ọdún 2016 náà ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní Nàìjíríà, tí wọ́n ní ká wá fowó sí oko. Wọn kò ní kẹ́ ẹ gbé ọkọ́. Ẹ kàn máa ṣí áàpù wọn, ẹ ó rí àwòrán: àgbàdo, ìrẹsì, adìẹ, ẹja. Iye owó ẹyọ kan wà lábẹ́ rẹ̀, iye oṣù wà níbẹ̀, èrè náà wà níbẹ̀ gbọnrangandan: ìdá 20, ìdá 25, ibòmíràn ju 30 lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ ti di olóko. Àwọn oko míì á ti tán kẹ́ ẹ tó fojú kàn án, ẹ ó wá máa dúró de èyí tó kàn bí ẹni ń dúró de BRT.

Ẹ tún un wò dáadáa. Àwòrán tó rẹwà, iye hóró, iye ọjọ́, iye tí àpótí máa san. Parsnip kúkú nìyẹn! Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń tẹ bọ́tìnì láti kórè lórí FarmVille ní Facebook láti ọdún 2009. Ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n kó tó dé.

Ọ̀rẹ́ mi kan, òṣìṣẹ́ báńkì l'Ékòó, fi ₦300,000 sí oko àgbàdo lọ́nà yìí ní ìparí ọdún 2019. Ó ti kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán an wò, wọ́n sì san án pé pérépéré. Ìyẹn ló jẹ́ kó fi kún un. Kòrónà dé, wọ́n ní kó ní sùúrù. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní omi ló gba oko. Lẹ́yìn náà, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Ohun tó sọ fún mi nípa ẹ̀ ni pé, "Mi ò mọ ìlú tí oko yẹn wà. Mi ò béèrè rí." Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa bi àwọn tó fẹ́ yá owó ní irú ìbéèrè yẹn gan-an.

Òun nìkan kọ́ ló ṣe. Láàárín 2020 sí 2021, ọ̀pọ̀ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò rí owó àwọn èèyàn san. Kì í ṣe gbogbo wọn ni olè. Àwọn kan ní oko lóòótọ́. Àmọ́ wọ́n ti ṣèlérí iye kan pàtó lórí ohun tí ọmọ aráyé kankan kò lè ṣèlérí iye kan pàtó lé lórí. Nígbà tí òjò, kòkòrò, ọ̀nà àti ọjà kò bá ìlérí náà mu, ọ̀nà méjì ló kù: kí wọ́n sọ òótọ́, tàbí kí wọ́n máa fi owó ẹni tuntun san ti ẹni àtijọ́. Àwọn tó yan èkejì ló sọ oko di màgòmágó.

Ìjọba náà jí, bó tilẹ̀ pẹ́. Ní oṣù kìíní 2021, àjọ SEC, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò, gbé òfin jáde fún àwọn tó ń kó owó jọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lórí ayélujára. Wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Mẹ̀kúnnù tó ń fowó sí i kò sì gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 10 owó tó ń wọlé fún un lọ́dún síbẹ̀. Ní 2025, òfin ìdókòwò tuntun fi kún un pé ẹni tó bá ń ṣe Ponzi lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦20 mílíọ̀nù, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀.

Òfin dáa. Ṣùgbọ́n òfin kò lè yọ àwòrán àpótí yẹn kúrò lórí wa.

Ìdajì owó ọwọ́ yín

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. RPG ni wọ́n ń pè wọ́n: ẹ̀yin ni akọni inú ìtàn, ẹ ń rìn kiri ayé, ẹ ń bá iwin àti ẹranko abàmì jà, ẹ ń lágbára sí i díẹ̀díẹ̀. Yuji Horii ló ṣe Dragon Quest ní 1986. Hironobu Sakaguchi gbé Final Fantasy tẹ̀lé e ní 1987. Ojú ẹni tó bá mọ PS5, àwòrán wọn á dà bí eré ọmọdé. Wọ́n lọ́ra. Ẹ ó máa bá àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan náà jà títí, kẹ́ ẹ tó rówó ra idà gidi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin owó inú Dragon Quest. Bẹ́ ẹ bá kú lójú ìjà, ẹ ó jí níwájú ọba. Agbára tẹ́ ẹ ti kó jọ ṣì wà lára yín. Àmọ́ ìdajì owó ọwọ́ yín ti lọ. Bẹ́ ẹ ní 50, 25 ló lọ. Bẹ́ ẹ ní 10,000, 5,000 ló lọ. Bí owó yín ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tẹ́ ẹ lè pàdánù ń pọ̀ sí i.

Kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi kọ́ ọgbọ́n mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ má gbé gbogbo owó yín wọ igbó. Ẹ fi ra ohun ìjà àti asà kẹ́ ẹ tó jáde nílùú. Ìkejì, bẹ́ ẹ bá ti sọdá afárá, ọ̀tá òdìkejì le ju ti ìhín lọ. Ibi tí owó ti ń ya wọlé, ibẹ̀ náà ni ikú ti súnmọ́. Ìkẹta, ẹ mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ padà sílé. Ní apá kẹta, tó kọ́kọ́ jáde ní 1988, wọ́n tiẹ̀ fi ibi ìfowópamọ́ sí i: owó tó bá wà níbẹ̀, ikú ò lè fọwọ́ kàn án.

Final Fantasy àkọ́kọ́ tún le jùyẹn lọ. Bí gbogbo ẹgbẹ́ yín bá kú, ibi tẹ́ ẹ ti tọ́jú eré gbẹ̀yìn lẹ ó padà sí. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe látìgbà náà ti di òfo.

Parsnip wà láyé, ẹranko abàmì kò sí. Síbẹ̀, géèmù ẹranko abàmì ló bá ayé tá a wà mu lórí ọ̀rọ̀ owó. Òun ló ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá pé ẹni tó bá fẹ́ èrè ńlá gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa pàdánù bí nǹkan ò bá rí bó ṣe rò.

Ṣé ká má gbá géèmù oko mọ́ ni?

Rárá o. Èmi náà ṣì ní adìẹ níbẹ̀. Nígbà tí wàhálà iṣẹ́ àti owó oṣù kò bára mu, ara máa ń tuni láti wà níbi tí ẹni tó bomi rin ti ń kórè. Ìtura yẹn ni Barone ń tà, $14.99 ló dá lé e lórí kọ̀ǹpútà, kò sì ṣèlérí ohun tó ju eré lọ. Àfikún ńlá tó gbé jáde ní 2024, ọ̀fẹ́ ló fún àwọn tó ti ra géèmù náà. Oníṣòwò olóòótọ́ nìyẹn.

Kò sì di dandan kí géèmù oko sọ iṣẹ́ àgbẹ̀ di fúyẹ́. Ní 2020, Sakuna: Of Rice and Ruin jáde láti Japan. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀: ẹ ó ṣa hóró, ẹ ó tú ilẹ̀, ẹ ó máa ṣọ́ bí omi oko ṣe ga tó, ẹ ó pa á, ẹ ó sì bó èèpo rẹ̀. Ó jọ oko gidi débi pé àwọn tó ń gbá a ní Japan ń lọ ka ìmọ̀ràn lórí ìkànnì iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, kí ìrẹsì inú géèmù wọn lè so. Ó wù mí kí ọ̀dọ́ kan nílẹ̀ wa ṣe irú rẹ̀ lórí pákí tàbí kòkó: kí òjò pẹ́ dé, kí ọkọ̀ takú lọ́nà, kí alárọ́bọ̀ dé láàárọ̀ kó dá iye tó wù ú. Màá rà á.

Títí dìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá gbé oko inú fóònù wá bá yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Níbo ni oko yẹn wà, ṣé mo lè débẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù mí? Ta ló ń ra ìkórè, bí ọjà bá sì kún ńkọ́? Bí oko bá parun, owó ta ló gbé? Ṣé orúkọ yín wà lọ́dọ̀ SEC? Bó bá ní "ẹ má ṣèyọnu, èrè yín dájú", ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sáré.

Ẹ lọ bá àgbẹ̀ tó wà nínú ẹbí yín, ẹ bi í pé èló ló máa rí lórí àgbàdo ọdún tó ń bọ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní ó dọwọ́ òjò, ó dọwọ́ Ọlọ́run, ó dọwọ́ àwọn ará ọjà. Ẹni tó bá wá sọ iye kan pàtó fún yín láìwo ojú ọ̀run, onítọ̀hún kì í ṣe àgbẹ̀. Géèmù ló ń gbá, owó yín ló sì fi ń gbá a.