Àwọn tó ń da géèmù rú: ta ni àwọn ọmọ wa ń pàtẹ́wọ́ fún?



Ẹni tó bá gba Kétu lọ sí Ìkòsí ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, yóò rí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan tàbí méjì lójú ọ̀nà. Tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta ló ń wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ á máa pariwo níta, àwọn ọmọ á sì tò sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n. Owó kékeré ni wọ́n ń san láti gbá bọ́ọ̀lù kan. Àwọn òbí kan ka ibẹ̀ sí ilé ìbàjẹ́. Àwọn mìíràn ní ó sàn kí ọmọ jókòó síbẹ̀ ju kó máa rìn kiri ní Mile 12 lọ. Àwa kò wá dá ẹjọ́ yẹn lónìí. Iyàn kan tí àwọn ọmọ ilé kéú wa ń jà ló mú wa kọ èyí: ṣé àwọn ọmọ Sudan tó kọlu iléeṣẹ́ géèmù ní Amẹ́ríkà ṣe dáadáa àbí wọn kò ṣe dáadáa?

Àwọn kan nínú wọn ní akọni ni wọ́n, nítorí pé Mùsùlùmí ni wọ́n, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n sì dojú kọ. Àwọn mìíràn ní kò kan àwọn, nítorí pé PS3 tí àwọn fi ń gbá bọ́ọ̀lù kò sopọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ọmọ kan ṣoṣo ni inú bí. Ẹnìkan ti jí àkáǹtì Call of Duty tó ń ṣe lórí fóònù gbé rí, kò sì rí i gbà padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwé ẹ̀sùn jáde ní Los Angeles lórí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Sudan. Ọmọ ọdún 27 ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 22 ni àbúrò. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ló wà nídìí ẹgbẹ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní Anonymous Sudan, tí òkìkí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ìkọlù tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn lé ní 35,000. Microsoft wà nínú àwọn tí wọ́n kọlù. Riot Games, tó ni géèmù League of Legends, wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà pọ̀ níbẹ̀, ilé ìwòsàn kan náà sì wà níbẹ̀, a ó padà sórí ìyẹn. Ẹ̀sùn ni gbogbo rẹ̀ o, àwa kì í ṣe adájọ́.

Ẹni tí kò bá mọ bí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ṣe rí, kó fojú inú wo ìyá tó ń ta tòmátì ní Mile 12. Ká ní ẹnìkan lọ háyà ẹgbẹ̀rún èèyàn, ó ní kí wọ́n yí àtẹ ìyá náà ká láti àárọ̀, kí kálukú máa bèèrè pé èló ni apẹ̀rẹ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má sì rà. Oníbàárà gidi kò ní ráàyè dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn. Wọn kò jí tòmátì kankan, wọn kò fọwọ́ kan àpò owó rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọjà ti rà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe fún iléeṣẹ́ géèmù. Ìbéèrè èké ni wọ́n fi ń dí ẹnu ọ̀nà pa, títí ẹni tó fẹ́ ṣeré yóò fi rí i pé ilẹ̀kùn kò ṣí mọ́.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí wọ àwọn ọ̀dọ́ wa lára ni pé orúkọ ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń jáde. Nígbà tí wọ́n sun Àlùkùránì ní Sweden ní ọdún 2023, wọ́n ní torí ẹ̀ ni àwọn ṣe kọlu àwọn iléeṣẹ́ ibẹ̀. Inú bí gbogbo Mùsùlùmí sí ohun tí wọ́n ṣe ní Sweden, inú bí àwa náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú SAS, owó ni wọ́n ní kí wọ́n san kí àwọn tó dáwọ́ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún dọ́là díẹ̀, ó sì ń gòkè títí ó fi di mílíọ̀nù. Ìwé ẹ̀sùn Amẹ́ríkà tún sọ pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn kí ìyẹn lè lo irinṣẹ́ ìkọlù wọn. Ẹni tó ń bínú nítorí Àlùkùránì, kí ló ń fi ìbínú náà pa owó sí? Ẹ̀rín tiẹ̀ ni pé àwọn amòye kan rò nígbà yẹn pé àwọn ará Rọ́ṣíà ló gbé jalamíà Sudan wọ̀.

Ilé ìwòsàn tí a ní a ó padà sí ni Cedars-Sinai ní Los Angeles. Ìwé ẹ̀sùn ní ìkọlù wọn mú kí ẹ̀ka tó ń gba àwọn aláìsàn pàjáwìrì dúró níṣẹ́, wọ́n sì ń darí aláìsàn lọ sí ibòmíràn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. A bi àwọn ọmọ ilé kéú wa léèrè bí wọ́n bá mọ̀ pé kò sí Mùsùlùmí nínú àwọn aláìsàn ọ̀hún. Wọn kò dáhùn. Bí kò bá tilẹ̀ sí Mùsùlùmí kankan níbẹ̀, kí ni aláìsàn ṣe fún Sudan? Suuratul Maa'idah kọ́ wa pé ìkórìíra tí a ní sí àwọn ènìyàn kan kò gbọdọ̀ sọ wá di aláìṣòdodo.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀nà jíjìn ni. Ní oṣù keje ọdún 2023, ológun gba ìjọba ní ilẹ̀ Niger. ECOWAS, tí Ààrẹ Tinubu jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, ní òun lè fi agbára ológun dá sí i. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Anonymous Sudan kéde pé ó kan Nàìjíríà, MTN sì ni wọ́n dárúkọ. Ẹ wo Mile 12 yìí. Ẹni tó kó tòmátì wá láti Kano ń dúró kí álàátì owó rẹ̀ wọlé sórí fóònù kó tó lè sanwó fún awakọ̀. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú ní ọjọ́ ọjà, àwọn ni yóò kọ́kọ́ jìyà ohun tí ẹnìkan ní òun ń ṣe nítorí tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn òṣèré géèmù, torí ohun tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn ọmọ Kétu. Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ LulzSec dìde, tó ń fi ìkọlù ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó jẹ́ Sony ni wọ́n ń bá jà, ọ̀pọ̀ òṣèré géèmù ń rẹ́rìn-ín, torí inú wọn kò dùn sí Sony. Ẹgbẹ́ náà tilẹ̀ ṣí ìlà fóònù kan kí àwọn èèyàn máa pè láti sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n kọlù. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún náà, Minecraft, EVE Online àti League of Legends ni wọ́n yí ìbọn sí. Ọjọ́ yẹn ni àwọn tó ń rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. Ọ̀pá tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2014, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Lizard Squad ti ilẹ̀kùn PlayStation àti Xbox pa lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun fún wọn ṣí páálí rẹ̀, wọn kò sì rí ibì kankan wọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ iléyá tiwa ni ńkọ́?

A kò ní torí èyí sọ pé àwọn iléeṣẹ́ náà mọ́. Nígbà tí wọ́n wọ ilé Sony ní oṣù kẹrin ọdún 2011, àkáǹtì mílíọ̀nù 77 ló kàn, eré orí íntánẹ́ẹ̀tì PlayStation sì dúró fún ọjọ́ 23. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí olè ti wọlé kí Sony tó sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé orúkọ àti àdírẹ́sì wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn 250,000 pọ́n-ùn lé Sony lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé wọn kò dáàbò bo ohun tí wọ́n fi sí wọn lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Ìbínú àwọn òṣèré sí iléeṣẹ́ náà tọ́ níbẹ̀. Ẹ tún wo FIFA tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn. Èèyàn ń fi owó gidi ra páálí tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bóyá Messi, bóyá ẹni tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Belgium ní tẹ́tẹ́ ni, EA sì dáwọ́ títà rẹ̀ dúró níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Mùsùlùmí tó bá mọ ohun tí a ń pè ní maysir kò nílò kí Belgium sọ fún un. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń tọrọ owó ra irú páálí bẹ́ẹ̀, kó tètè bèèrè ohun tó fẹ́ fi rà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ iléeṣẹ́ kò sọ ìwà olè di ẹ̀tọ́. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé kí a má ṣe dalẹ̀ ẹni tó dalẹ̀ wa. Suuratun Nuur pàṣẹ pé kí a má wọ ilé onílé láìtọrọ àyè. Suuratul Hujuraat kọ̀ fún wa láti máa tọpinpin àṣírí ara wa. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ẹgbẹ́ Rhysida da ẹrù tí wọ́n jí kó ní iléeṣẹ́ Insomniac Games, tó ṣe Spider-Man, sí ìgboro nígbà tí wọn kò rí owó tí wọ́n bèèrè gbà. Ìwé ìrìnnà àwọn òṣìṣẹ́ wà lára rẹ̀. Àwọn òṣèré kan bẹ ara wọn pé kí ẹnikẹ́ni má pín in. Àwọn mìíràn sáré lọ wo géèmù tí kò tíì jáde. Ẹni tó sáré lọ wò ó, ẹrù olè ló ń wò.

Ibi tó ti nira fún wa láti sọ̀rọ̀ ni ilé ara wa. Púpọ̀ nínú PS3 tó wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀, géèmù inú rẹ̀ kò sì ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n rà á. Ọmọ tó ní háákà kò kan òun ń jẹ nínú iṣẹ́ háákà lójoojúmọ́. Ìgbìmọ̀ fíkíhì Islam ti àgbáyé, nínú ìpàdé rẹ̀ karùn-ún ní Kuwait ní oṣù kejìlá ọdún 1988, ti sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọpọlọ jẹ́ ohun ìní tí sàríà dáàbò bò. Àwọn onímọ̀ kan ṣe ìrọ̀rùn fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a, tó bá jẹ́ fún ìlò ara rẹ̀ nìkan, láìfi ṣòwò. Ṣọ́ọ̀bù géèmù ń fi ṣòwò. A mọ̀ pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ń fi bọ́ ìyàwó àti ọmọ, a sì mọ iye tí ojúlówó géèmù ń ná báyìí. Síbẹ̀, a kò ní purọ́ fún un. Kó máa rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlòkù tí a rà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú.

Ọ̀rọ̀ tó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ tó ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an. Ọmọ ọdún 17 ni Arion Kurtaj, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó wọ ilé Rockstar ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tó sì da nǹkan bíi fídíò 90 ti GTA VI síta. Wọ́n ti mú un tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi í pamọ́ sí, wọ́n sì gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n òtẹ́ẹ̀lì, fóònù àti ohun kékeré kan tí a ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló lò. Àwọn kan nínú àwọn òṣèré fi fídíò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé géèmù náà kò dára, láìmọ̀ pé iṣẹ́ tí kò tíì parí ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀ṣọ́, láìdá ọjọ́ tí yóò jáde. Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ka wíwọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ sí ohun tó lè sọni sẹ́wọ̀n.

Ọ̀nà tó mọ́ wà fún irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, PlayStation ṣí ètò kan sílẹ̀ fún gbogbo ayé nípasẹ̀ iléeṣẹ́ HackerOne. Ẹni tó bá rí ihò lára ẹ̀rọ wọn, tó wá sọ fún wọn dípò kó gba ibẹ̀ wọlé, wọn yóò sanwó fún un. Ti ihò tó léwu jù lára PS4 bẹ̀rẹ̀ láti 50,000 dọ́là. Riot Games tí àwọn ọmọ Sudan kọlù náà ní irú ètò yìí. Nígbà tí a sọ èyí fún àwọn ọmọ ilé kéú wa, iyàn dáwọ́ dúró. Ọmọ tí wọ́n jí àkáǹtì rẹ̀ ló kọ́kọ́ bèèrè bóyá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè forúkọ sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú jámáà wa tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ti gbà láti jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ Sátidé, láàárín Àílà sí Àlàásárì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ló wà báyìí, òun ló ni ín.