Ẹ̀ka Ìjọba Mẹ́ta: Ẹ Bá Mi Ka Iye Wọn

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nípa ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kíá ni yóò ka mẹ́ta: aṣòfin, aláṣẹ àti adájọ́. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì kún. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè kékeré méjì ni ó ń gbé ìpín agbára ró: ẹni mélòó ni ó fọwọ́ sí i? Níbo ni wọ́n sì jókòó sí?

Ní Amẹ́ríkà, Ilé Aṣojú-ṣòfin ni ó ń fẹ̀sùn kan Ààrẹ, bí àwọn tí ó ju ìdajì lọ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé Aṣòfin Àgbà ni ó ń dá ẹjọ́ náà, kò sì lè yọ Ààrẹ àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó wà ní ìjókòó bá fohùn sí i. Ní 1868, 35 nínú wọn ní Andrew Johnson jẹ̀bi, 19 ní kò jẹ̀bi. 36 ni òfin béèrè. Ìbò kan ṣoṣo ni ó kó Ààrẹ yọ. Méje nínú àwọn tí ó dá a láre sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ tí ó ń wá ọ̀nà àti yọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó ní 35 sún mọ́ 36, kí a jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe pe èyí ní àṣà òyìnbó nìkan. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run ṣáájú wọn, ni ó ń yan Aláàfin. Àwọn náà ni wọ́n lè kọ̀ ọ́, bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, ọba gbọ́dọ̀ ṣígbá wò. Àwọn Ògbóni wà níbẹ̀ kí Ọ̀yọ́ Mèsì pàápàá má baà kọjá àyè wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Baṣọ̀run Gáà sọ ohùn méje di ohùn ẹnìkan. Ó ti Aláàfin ju ẹyọ kan lọ sí ikú, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí 1774. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí pé: bí o láyà, ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o ṣòótọ́.

Láti Ọ̀yọ́, ọ̀nà kò jìn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ibẹ̀ ni S. L. Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní oṣù Karùn-ún 1962, Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ ọ́ nítorí pé àwọn aṣòfin tí ó ju ìdajì lọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní inú ilé aṣòfin ni ó yẹ kí wọ́n ti dìbò. Ní 1963, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, ní ìwé náà tó. Kíá, àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tún òfin ṣe, wọ́n sì ní kí àtúnṣe náà ti bẹ̀rẹ̀ láti 1960, kí ìdájọ́ náà lè di asán. Akíntọ́lá kò kúrò lórí àga, ṣùgbọ́n ọlá ilé ẹjọ́ ti dínkù.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2006, aṣòfin 18 nínú 32 ní àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Igbákejì rẹ̀, Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, rọ́pò rẹ̀. Ẹ bá mi ka iye wọn: ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kò lè dín ní 22. Níbo ni wọ́n sì ti jókòó gbé ẹ̀sùn kalẹ̀? Hótẹ́ẹ̀lì ni, ní Ìbàdàn. Òfin 1999 ní ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ẹni tí kò bá tẹ̀lé ìlànà òfin kò lè sá sábẹ́ òfin kan náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ládọjà padà sí ipò rẹ̀.

N kò sọ pé gómìnà kan dára ju èkejì lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé adájọ́ kò ní ọmọ ogun, kò sì ní àpò ìṣúra, ìbáà ṣe ní Washington tàbí ní Àbújá. Bí aláṣẹ àti aṣòfin bá kọ etí dídi sí i, kò sí ohun tí yóò fi mú wọn. Àwa ará ìlú ni ó kù. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé wọ́n ti yọ ẹnì kan nípò, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni wa ni. Ẹ béèrè iye àwọn tí ó yọ ọ́, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n jókòó sí.