Ẹ̀sùn tí mo fi kan Patrick Balkany

Levallois-Perret kò tóbi. Ẹ̀gbẹ́ Paris ló wà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 60,000. Ọdún 1983 ni Patrick Balkany di méyọ̀ ìlú náà. Nígbà tó di 1988, ó ti wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Faransé, síbẹ̀ kò gbé ipò méyọ̀ sílẹ̀. Ohun tó fi ipò méjèèjì ṣe ni mo wá rojọ́ lé lórí.

Ẹ̀sùn kìíní: ó sọ òṣìṣẹ́ ìlú di ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí ìlú ń sanwó oṣù fún ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Isabelle, kó lọ ṣiṣẹ́ ilé fún ara wọn, ní Levallois àti ní ilé ńlá wọn ní Giverny, abúlé tí Monet ayàwòrán gbé. Ẹni tó ń san owó orí ló ń gbọ́ bùkátà ìránṣẹ́ méyọ̀! Ní 1996, ilé ẹjọ́ dá tọkọtaya náà lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n oṣù 15 tí wọ́n so rọ̀, owó ìtanràn, àti ọdún méjì tí kò gbọdọ̀ du ipò kankan, ohun tó bọ́ sí Balkany lọ́wọ́ nìyẹn.

Ó yẹ kí ìtìjú mú un jókòó sílé. Kàkà bẹ́ẹ̀, ní 2001 ó tún di méyọ̀. Ní 2002 ó padà sílé aṣòfin, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2017.

Ẹ̀sùn kejì ló dùn mí jù. Ilé yẹn ni wọ́n ti ń ṣòfin iye tí mẹ̀kúnnù máa san lórí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ tó ń dìbò lórí owó orí ẹlòmíì ń fi dúkìá tirẹ̀ pamọ́ fún ìjọba. Ilé ńlá kan wà ní Marrakech lórílẹ̀-èdè Mòrókò, tí wọ́n fi iléeṣẹ́ Panama bò mọ́lẹ̀. Títí dé iwájú adájọ́ ló ń sọ pé kì í ṣe tòun. Òmíràn wà ní erékùṣù Saint-Martin, Isabelle sì jẹ́wọ́ níkẹyìn pé òun lòun ni ín. Lọ́jọ́ 13 oṣù kẹsàn-án 2019, ilé ẹjọ́ sọ Balkany sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin nítorí owó orí tó jẹ, láti yàrá ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n sì ti gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n La Santé. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún dá a lẹ́bi fún ọgbọ́n tó fi gbé owó náà pamọ́.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn: adájọ́ dá a láre lórí ẹ̀sùn rìbá tí wọ́n tún fi kàn án. N kò ní fi ìyẹn kùn ún.

Ẹ̀sùn kẹta: ó sọ ìlú di ogún ìdílé. Nígbà tó wọ ẹ̀wọ̀n, ta ló di adelé méyọ̀? Isabelle, igbákejì rẹ̀, tí wọ́n dá lẹ́bi lọ́jọ́ kan náà. Gbèsè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Levallois, tí a bá pín in fún olúkúlùkù ará ìlú, wà lára èyí tó pọ̀ jù ní Faransé.

Ẹ̀sùn ìkẹyìn, àìbọ̀wọ̀ fófin. Àìlera ni wọ́n torí rẹ̀ tú Balkany sílẹ̀ ní 2020. Kò pẹ́ tí fídíò fi jáde níbi tó ti ń jó lọ́jọ́ àjọ̀dún orin. Wọ́n so ẹ̀rọ ìṣọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kó lè ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ nílé, ó rú òfin rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní oṣù kejì 2022, wọ́n dá a padà sẹ́wọ̀n.

Láti 2001, kò fìdí rẹmi nínú ìbò méyọ̀ tàbí ti aṣòfin kankan. Ìdájọ́ 1996 kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sùn mi kan Balkany, ó sì kan gbogbo ẹni tó mọ̀, tó tún gbé e padà sórí àga.