Ojú Kámẹ́rà Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ wá lọ́kàn. Bí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ ra fóònù tàbí kámẹ́rà, iye mẹgapíísẹ̀lì ló máa kọ́kọ́ béèrè. Tó bá ti gbọ́ iye tó pọ̀, owó ti jáde nìyẹn. Kò ní béèrè ojú tí ẹ̀rọ náà fi ń ríran. Lójú tiwa, ibi tí kò yẹ la ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí lẹ́ńsì ni ojú kámẹ́rà.

Ẹ wo Carl Zeiss ti ilẹ̀ Jámánì. Ọdún 1846 ló ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìlú Jena. Awò tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí ló ń ṣe nígbà náà. Wọn á dán gíláàsì wò, wọn á yí i padà, wọn á tún un dán wò, títí yóò fi bọ́ sí i. Èyí kò tẹ́ Zeiss lọ́rùn. Ní 1866 ó lọ bá Ernst Abbe, olùkọ́ ní yunifásítì ìlú náà, pé kó wá fi ìṣirò yanjú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Otto Schott, onímọ̀ kẹ́mísírì, dara pọ̀ mọ́ wọn nídìí gíláàsì. Oníṣẹ́ ọwọ́ ló lọ pe ọ̀mọ̀wé, ọ̀mọ̀wé sì jẹ́ ìpè! Àwa tí à ń fi àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ṣẹ̀fẹ̀ ńkọ́?

Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ńsì kámẹ́rà, Paul Rudolph ṣe Planar ní 1896. Gíláàsì mẹ́fà ló ní. Àwòrán rẹ̀ ì bá dára gan-an, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń ta padà lára àwọn gíláàsì náà, fótò a sì ṣú bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú. Ní 1902 ni Tessar dé, gíláàsì mẹ́rin péré, òun ló sì gbòde. (Tessar yìí làwa fẹ́ràn jù.) Ó di 1935 kí Alexander Smakula tó rí nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fi bo ojú gíláàsì kí ìmọ́lẹ̀ má ta padà mọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún Planar, lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún.

Nọ́ńbà kan tún wà tí wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà f. Bó bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe ń pọ̀ tó. Planar tí Zeiss ṣe fún NASA ní 1966 jẹ́ 0.7. Mẹ́wàá péré ni wọ́n ṣe. Stanley Kubrick fi irú rẹ̀ ya àwọn ibì kan nínú fíìmù Barry Lyndon, tó jáde ní 1975, níbi tó jẹ́ pé iná àbẹ́là nìkan ló ń tàn. Àwa tí wọ́n máa ń mú iná wa lọ láàárín ijó, ṣé irú ojú bẹ́ẹ̀ kọ́ la nílò?

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wo etí lẹ́ńsì tàbí ara páálí rẹ̀ fúnra yín.