Ta Ni Yóò Ra Oògùn Fún Ọkàn Wa?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, mẹkáníìkì wo ní í tú ẹ́ńjìnnì tó ń yí? Kí dókítà tó ṣí ọkàn láti tún un ṣe, oògùn oníyọ̀ potassium ní í fi dá a dúró, kí ó má bàa bàjẹ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀. Melrose gbé e jáde ní London ní 1955. Ó le jù, ó ń ba ọkàn jẹ́. Wọ́n dín agbára rẹ̀ kù, ilé ìwòsàn St Thomas' sì mú un lò ní 1975. Enugu ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn láti 1974.

Ọgbọ́n wà; owó ni kò sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ń ra ọ́ìlì fún ẹ́ńjìnnì wọn. Kí wọ́n kọ owó iṣẹ́ abẹ yìí sínú àdéhùn wa! Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.