Ta Ni Yóò Wọn Ọpọlọ Àgbà Ìbàdàn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí bá àwọn onímọ̀ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé bí ọpọlọ ti ń gbó wí. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé ohun tí a wọ̀n ní Yúróòpù ti tó fún gbogbo ayé, òun ni mo bá wíjọ́ lónìí.

Báwo ni iṣẹ́ náà ti rí? Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi ń mọ líle ẹran ara láì fi ọ̀bẹ kàn án: a ó mú ara gbọ̀n díẹ̀, ẹ̀rọ MRI yóò sì ya àwòrán ìgbì tí ń gba inú rẹ̀ kọjá. Níbi tí ara bá le, ìgbì a yára; níbi tí ó bá rọ̀, a falẹ̀. Ní 2009, Ingolf Sack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berlin fi ọ̀nà yìí yẹ ọpọlọ ènìyàn 55 wò, láti ẹni ọdún 18 títí dé ẹni ọdún 88. Wọ́n rí i pé líle ọpọlọ ń dín kù ní nǹkan bí 0.8% lọ́dọọdún.

Irú òǹkà báyìí ni oúnjẹ àfarawé. Kọ̀ǹpútà yóò pín ọpọlọ sí ègé kéékèèké, yóò fún ègé kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n líle tirẹ̀, yóò sì ṣírò bí wọn yóò ti máa fa ara wọn nígbà tí ọpọlọ bá ń sún kì, tí àyè omi inú rẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká.

Ẹ wá wo Ìbàdàn. Ní 1992 ni Hugh Hendrie, Adésọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé àrùn tí ń ba iyè àgbà jẹ́ ń mú 1.35% lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, 3.24% ní Indianapolis. Ti Ìbàdàn kò tó ìdajì!

N kò sọ pé líle ọpọlọ ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Ohun tí mo sọ ni pé àfarawé tí a fi òǹkà Berlin nìkan bọ́ kò lè dá wa lóhùn. Nínú èdè wa, iṣu a máa gbó, obì a máa gbó, ènìyàn náà a sì máa gbó; ọ̀tọ̀ ni gbígbó, ọ̀tọ̀ ni rírà. Bí a bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lára àgbà wa, àfi kí á fi ìwọ̀n àgbà wa kọ́ ọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kan, òṣùwọ̀n ẹlòmíràn ni a ó fi pe baba tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ní aláìsàn.

Wọn yóò ní ẹ̀rọ wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Ìdíkàn ti ṣí ilẹ̀kùn fún ìmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbèsè wà nílẹ̀; ẹ jẹ́ kí á san án.